Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Owú Bá Mi Rà

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Thomas Estate, lẹ́bàá Ajah, là ń gbé nígbà náà. Bàbá Dámi, ọkọ mi, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Lẹ́kkí. Fúnkẹ́, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, kó wá sí fúláàtì tó dojú kọ tiwa. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, èmi ò ní.

Ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ. Sùtánà tirẹ̀ á máa tàn yinrin. Tèmi, tí mo fọwọ́ bó títí èékánná mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, á dà bí omi ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Dámi wá ṣe àṣìṣe kan. Ó ní, "Aṣọ Fúnkẹ́ yìí mà mọ́ o!" Ha! Oúnjẹ ò dá lọ́fun mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò jẹ́ kó gbádùn títí ó fi ra ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ kan fún mi.

Ẹni tó wá tò ó ní kí n dúró kí òun fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí. Mo ní, "Ẹ máa lọ, ọ̀gá, ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n lò." Irọ́ gbáà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ò ju èyí tí mo yọjú wò láti fèrèsé Fúnkẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n máa fi òróró yan Bàbá Dámi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, mo kó sùtánà wa méjèèjì sínú ẹ̀rọ, mo rọ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ àwọn ọmọ lé e, mo fi orúnkún ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Mo ti rí i pé ṣíbí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú méjì ni Fúnkẹ́ máa ń lò. Mo da ife mẹ́ta sí tèmi. Ká wá wo ẹni tí aṣọ rẹ̀ máa funfun jù!

Ó kọ́kọ́ ń yí jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń tọ, ó sì ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo jókòó lé e lórí. Èmi àtẹ̀rọ la jọ ń gbọ̀n, eyín mi ń lu ara wọn. Ọṣẹ hó jáde, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ síta.

Fúnkẹ́ kanlẹ̀kùn. "Àǹtí, ṣé kò sí o? Ọṣẹ ti dé ẹnu ọ̀nà wa."

"Kò sí nǹkan kan jàre, ilé ni mò ń fọ̀!" Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́.

Kò pẹ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Omi kún inú rẹ̀, kò ṣàn jáde. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo wo ojú gíláàsì, mo rí ìbọ̀sẹ̀ pupa tí Dámi fi ń sáré ní iléèwé. Omi náà ti pupa. Sùtánà tí Bàbá Dámi máa wọ̀ gba òróró lọ́la wà nínú rẹ̀! Mo jókòó sínú omi ọṣẹ, mo bú sẹ́kún. Nígbà tí ẹkún ò ṣílẹ̀kùn, mo lọ pe Fúnkẹ́.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ wáyà iná, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ṣí ìdérí kékeré kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, omi sì ya jáde. Ó fa bọ́tìnnì méjì àti àjákù bébà yọ nínú asẹ́ ibẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wá ṣí.

"Àǹtí, ẹ máa yẹ àpò aṣọ wò. Ẹ má kì í kún dẹ́nu. Ẹ sì máa ya funfun sọ́tọ̀."

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ mi tó sọ gbogbo aṣọ mi di búlúù ni."

Ó ní ká má sá sùtánà méjèèjì tó ti pupa náà rárá, ká rẹ wọ́n sínú bílíìsì lójú ẹsẹ̀. Sùtánà Bàbá Dámi padà funfun. Tèmi kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, láàárín gbogbo aláṣọ funfun, èmi nìkan ló dà bí ẹni tó fi osùn para. Wòlíì wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá Dámi, ẹ̀mí wo ló ní kẹ́ ẹ wọ àwọ̀ yìí?"

Mo wo Fúnkẹ́ tó ń fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀mí owú ni, Bàbá."

Láti ìgbà náà, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ díẹ̀, ohun tí mi ò bá sì mọ̀, màá béèrè. Bí Bàbá Dámi bá fẹ́ fi mí ṣeré, á pè mí ní Ìyá Olósùn. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ ara òun lòun fi ṣe é.