Bátìrì Tí Ò Jẹ́ Kí Ọkọ Ìyàwó Dọ̀bálẹ̀ Tán

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ṣòkòtò tó jóná ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹ má wò ó pé mo pè é ní ààfin o. Ilé Baálẹ̀ àwa Nàgó ní Godomey, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, ni, ilé oníyàrá mẹ́rin tó kọjú sí títì, tí ariwo alùpùpù kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Èmi ni akọ̀wé ibẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀, n kò sì tíì rí ọjọ́ kan tí ẹni tó jẹ̀bi gbà pé òun jẹ̀bi kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.

Àbídéènì ló gbé ṣòkòtò náà dání nínú ọ̀rá. Onísẹ́mí ni, alùpùpù ló fi ń gbé èrò kiri Kútọnu. Wọ́n fún un ní àga, ó ní òun dúpẹ́, itan òun ò tíì gbà kí òun jókòó.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Búrẹ́mọ̀ ni, Baba. Òun ló ta bátìrì sìgá fún mi ní àdúgbò Jọ́ńkẹ́."

"Bátìrì sìgá? Ìgbà wo ni sìgá di rédíò?"

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún Baálẹ̀ pé sìgá ìgbàlódé ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fápù. Bátìrì ló ń mú un gbóná, á sọ omi olóòórùn dídùn di èéfín, wọ́n á sì máa fà á bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú.

"Kí ló wá kan ṣòkòtò?"

"Baba, ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Alájì Háàrúnà, nítorí Kúbúrá ọmọ wọn. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mi wà lápò. Bátìrì kan tí mo tọ́jú pamọ́ wà nínú àpò kan náà. Mo dojú bolẹ̀, Alájì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, itan mi ń gbóná. Mo ní bóyá ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ kì í jó ṣòkòtò."

"Mo ti wá mọ̀, Baba. Nígbà tó dún ṣàà, mo fò dìde. Alájì ò sì tíì ní kí n dìde."

Gbogbo ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọkọ ìyàwó tó bá dìde níwájú àna kí wọ́n tó ní kó dìde, ó kúkú ti sọ pé òun ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Alájì dá ẹrù padà, àti àpò iyọ̀, àti obì, àti àpótí aṣọ. Ó ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Pobè ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ wá tọrọ Kúbúrá, òun sì ti múra láti dá a lóhùn.

"Baba, n kò bèèrè ṣòkòtò," ni Àbídéènì wí. "N kò bèèrè itan. Kí Búrẹ́mọ̀ ṣáà jẹ́wọ́ níwájú Alájì pé bátìrì òun ló gbé mi dìde, kì í ṣe àfojúdi. Kúbúrá ni mo fẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Baálẹ̀ kọjú sí Búrẹ́mọ̀. Géńdé kan báyìí ni, ó wọ jígí dúdú nínú ilé, bátìrì kún inú báàgì tó gbé kọ́rùn.

"O jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"N ò jẹ̀bi, Baba. Bátìrì mi náà ò jẹ̀bi. Ìdọ̀bálẹ̀ ló jẹ̀bi."

"Èwo tún nìyẹn?"

"Baba, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe bátìrì yìí. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ ní Ṣáínà? Orí ni wọ́n ń tẹ̀ fún àgbà, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti parí. Wọn ò ṣe é fún ẹni tó máa fi gbogbo ara sùn lé e lórí."

"Kí àwa wá yí àṣà padà nítorí ọjà rẹ?"

"Kí wọ́n dín in kù ni, Baba. Ìṣẹ́jú márùn-ún, bátìrì mi á fara dà á. Ẹ bi Alájì bí wọ́n ṣe dá ọmọ ọlọ́mọ dùbúlẹ̀ pẹ́ tó!"

Alájì Háàrúnà fò sókè. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ni ní Sèmè, ohùn rẹ̀ nìkan tó ọkọ̀ akẹ́rù kan.

"Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni mo sọ!"

Àdìzátù àbúrò rẹ̀, tó tìtorí tirẹ̀ wá jẹ́rìí, yí ojú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ níbí. Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ni mo gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tó jinná, ẹ ṣì wà níbi tí bàbá bàbá wa ti ń kúrò ní Kétu."

"Ìtàn ìdílé ni! Ṣé kí n fọ́mọ fún ẹni tí ò mọ ìdílé wa ni?"

"Ó tó," ni Baálẹ̀ wí. "Àdìzátù, kí lo rí?"

"Èéfín ni, Baba. Ìdí ọkọ ìyàwó ló ti ń jáde."

"Itan!" ni Àbídéènì kígbe.

"Níbi tí mo dúró sí, ìdí ni. Ó sì ń ta sánsán bíi máńgòrò. Mo ní, ọmọ yìí mà jẹ èso dáadáa kó tó wá o."

"Irọ́ ni," ni Alájì wí. "Iná ni, kì í ṣe èéfín, ó sì ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Àlùjọ̀nnú ló wà lára ọmọ yẹn. Ó fò dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì jáde nílé mi láìdágbére."

"Ẹ fojú yín rí i tó jáde?"

"Kedere báyìí!"

"Àdìzátù, ìwọ náà rí i?"

Àdìzátù wo ilẹ̀. "Baba, n ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti fo ògiri, mo ti wà nílé aládùúgbò."

"Tìwọ tọjọ́ orí rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fò ó, Baba. Wọ́n ṣubú lulẹ̀ lódìkejì. Ẹ̀yìn wọn ni mo sọ̀ lé."

Ẹ̀rín dà ààfin rú. Alájì ṣí fìlà, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, wọn ò dákẹ́, mo fi ìwé ńlá gbá tábìlì.

"Alájì, a ṣì ń bọ̀ wá bá yín," ni Baálẹ̀ wí. "Búrẹ́mọ̀, o ní bátìrì rẹ dára?"

"Ojúlówó ni, Baba. Wàláì."

"Mú ọ̀kan nínú báàgì yẹn, fi sápò ṣòkòtò rẹ. Akọ̀wé, kó ìdì kọ́kọ́rọ́ ààfin fún un, kó kó o tì í. Búrẹ́mọ̀, dọ̀bálẹ̀. Alájì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdílé yín, láti orí."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Búrẹ́mọ̀ wò ó bí ẹni wo ejò. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. Alájì ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ẹ gbà mí!" ni Búrẹ́mọ̀ ké. "Baba, mo jẹ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà tó ti kú ni mo ti ń yọ wọ́n. Mo ń wọ ọ̀rá tuntun fún wọn, mo sì ń lẹ orúkọ tó bá wù mí mọ́ wọn lára. Bí irin bá ti kan orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ pọ̀ nínú àpò, gbígbóná ló máa gbóná títí á fi bú."

"O sọ bẹ́ẹ̀ fún Àbídéènì?"

"Bí mo bá sọ ọ́, Baba, ta ni yóò rà á?"

Wọ́n kúkú ti ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Baálẹ̀ yíjú sí Àbídéènì.

"Ìwọ náà, kí ló dé ọ tí o ra nǹkan oníná lọ́wọ́ ẹni tí ń wọ jígí dúdú nínú ilé?"

"Ó dọ́pọ̀, Baba."

"Ó dọ́pọ̀ lóòótọ́. Itan rẹ ló san èyí tó kù."

Baálẹ̀ mumi, ó nu ẹnu. "Alájì ní ọmọ yìí jáde láìdágbére. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni Alájì wà. Ta gan-an ló kù nínú ilé?"

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Kúbúrá ni.

"Èmi ni, Baba. Ìyá bàbá mi ò lè rìn, n ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

"Kí lo rí?"

"Àbídéènì bọ́ ṣòkòtò, ó jù ú sí àgbàlá, ó da yanrìn bò ó. Mo ní á sá lọ ni. Ó padà wọlé tòun ti bàǹtẹ́ nìkan, itan rẹ̀ ti bó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo àga bàbá mi. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀ síwájú àga náà."

Baálẹ̀ fà síwájú lórí àga rẹ̀.

"Ó pẹ́ níbẹ̀?"

"Títí ìyá àgbà fi ní, 'Ọmọ mi, àga ò ní dá ọ lóhùn. Lọ bu omi tútù sítan.'"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá rẹ?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́."

"Ìwọ Àbídéènì ńkọ́? Láti òwúrọ̀, o ò mẹ́nu bà á!"

"Ojú ló ń tì mí, Baba. Bàǹtẹ́ yẹn ti ya lẹ́yìn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wo àwọn ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó níbí, ta ló dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ta ló dọ̀bálẹ̀ fún àga?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ń ráhùn pé ilẹ̀ tutù.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Búrẹ́mọ̀, gbogbo bátìrì òkú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ rẹ, ìgbìmọ̀ á tẹ̀lé ọ lọ kó o lónìí. Láti òní lọ, èyíkéyìí tó o bá fẹ́ tà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló máa fi wà lápò ṣòkòtò tìrẹ, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Bí itan rẹ bá kù, kí o tà á."

Búrẹ́mọ̀ fọwọ́ méjèèjì bo itan.

"Àbídéènì, ẹni tó bá máa lo bátìrì, kó ra èyí tí ọ̀rá ara rẹ̀ ò ya, kó fún un nílé tirẹ̀ nínú àpótí kékeré, kó má fi ṣájà ẹlòmíràn gba iná sí i. Ìwọ kò ṣe ọ̀kankan. Fún ọdún kan, ṣòkòtò rẹ kankan ò gbọdọ̀ ní àpò. Ní ti fápù náà..."

"Kó jù ú nù, Baba," ni Kúbúrá dá sí i.

"Ẹni tó ni ẹjọ́ ti dá a. Ó kan Alájì. Ẹ ní ó dìde kẹ́ ẹ tó ní kó dìde. Ẹ̀yin náà dìde, ẹ tún fo ògiri lé e; òun padà wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ò sì tíì ní kí ọmọ yìí dìde. Láti Sátidé títí di òní, lójú àṣà wa, ó ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ẹnu yín ló wà. Kétu ò gbọdọ̀ bá a jáde."

Àbídéènì dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan gbé ara. Alájì dúró lé e lórí. Ó la ẹnu, ẹ̀rù ń bà wá pé ìtàn ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi di itan ọmọ náà.

"Dìde, ọmọ mi."

Àbídéènì gbìyànjú, itan ò gbà. Alájì bá kúnlẹ̀ nínú agbádá funfun, ó kì í mọ́ra lábẹ́ apá, ó sì gbé e dìde fúnra rẹ̀.