Abẹ́rẹ́ Bàbá Àgbà Tó Gún Mi Nítan

Ọjọ́ kan wà tí kò lè parẹ́ lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ ti gbàdúrà títí pé kí ó parẹ́ lọ́kàn àwọn ará àdúgbò wa ní Ọ̀fà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, mo ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run.

Òtútù àyà ló kọlu Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ara wọn gbóná bí ààrò, wọ́n ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, nígbà tó yá wọn ò dá wa mọ̀ mọ́. A ti ń sunkún ní kọ̀rọ̀ kí dísípẹ́ńsà, apoògùn tó ń tọ́jú aláìsàn ládùúgbò wa, tó gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ pẹnisílìn. Ó ní ọjọ́ méje ni òun máa fi gún wọn, láràárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Bàbá dìde jókòó, wọ́n béèrè ẹ̀kọ àti àkàrà. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní ara àwọn ti yá, abẹ́rẹ́ tó gẹ́ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," dísípẹ́ńsà bẹ̀ wọ́n, "oògùn yìí ti dá àwọn kòkòrò àìsàn náà dúró ni, kò tíì pa wọ́n tán. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, wọ́n á padà wá. Ọ̀dọ́ lè bá wọn jà lẹ́ẹ̀kejì, àgbà ò lè ṣe é."

"Ìdí tèmi ló wú, kì í ṣe tìẹ," ni Bàbá dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ. "Bàbá, kí ló wà nínú abẹ́rẹ́? Bí ìgbà tí èèrà bá jẹni ni! Bí wọ́n bá gún èmi ní ogún lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ṣẹ́jú." Mo ní kí dísípẹ́ńsà po oògùn rẹ̀, èmi á di Bàbá mú.

Mo ṣebí aláìsàn ò lágbára. Mo gbàgbé pé ogójì ọdún ni ọwọ́ yẹn fi kọ ebè iṣu lọ́nà Òjòkú. Mo dì mọ́ wọn pinpin. Bí dísípẹ́ńsà ṣe nawọ́ báyìí, Bàbá yí bìrí bí ẹja àrọ̀, èmi ni mo bọ́ síwájú. Itan mi ni abẹ́rẹ́ bá wọlé sí.

Igbe tí mo ké kì í ṣe igbe tíṣà rárá. "Yéè! Mo gbé! Mo kú o!" Mo ṣubú lu ìkòkò omi, ìkòkò fọ́, mo sì dákú.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Bàbá ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ "Mo kú o," tí ilé sì dákẹ́ lójijì, kí ni kí wọ́n rò? Alhaja ilé kejì fi igbe bọnu. Ẹnì kan fò sórí kẹ̀kẹ́, ó dorí kọ Ìjàgbó láti lọ túfọ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Àwọn ọkùnrin tilẹ̀ ti gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wọn yóò gbẹ́ sàréè sí.

Mo ti lajú, Bàbá sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi já wọlé tẹkúntẹkún. Ó rí òkú tó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ló bá sá padà síta.

"Ta ló kú gan-an?" ó béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Tíṣà ni," Bàbá dáhùn, "ṣùgbọ́n ó ti jí."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́, ikọ́ náà ò sì dáwọ́ dúró. Ó mì wọ́n jìgìjìgì, wọ́n di àyà mú, ojú wọn ràn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n rí èémí mí, wọ́n kọjú sí dísípẹ́ńsà.

"Po òmíràn, kí o gún mi. Wọ́n ti sunkún mi lónìí. Bí mo bá tún kú lọ́la, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Wọ́n gba èyí tó kù pé pérépéré, wọn ò ké pẹ́ẹ́. Ìta ni wọ́n ní kí èmi máa jókòó sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún lò lẹ́yìn náà.

Mo ti wá mọ̀ pé oògùn tí a kò lò tán, àìsàn ló ń fún ní ìsinmi. Mo sì mọ̀ pé ìrora tó wà lára ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu wọ̀n. Èmi náà ti di arúgbó báyìí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá gbé abẹ́rẹ́ wá, tó ní, "Daddy, kò ní dùn yín rárá," n kì í bá a jiyàn. Màá kàn rẹ́rìn-ín, màá sì fọwọ́ méjèèjì di bẹ́ẹ̀dì mú.