Ẹrù Gbogbo Àdúgbò Lójú Ọ̀nà Gánà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, kódà bí mo bá dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ Àìkú ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgàndó, ẹnu ara mi ni mo sì fi fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ náà jáde síwájú fún àdúrà. Èmi náà dìde, mo tún bẹ́líìtì mi ṣe, mo jáde. Ká ní mo kúnlẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ tíṣà jọ́gíráfì ni mí, ọmọ Èkìtì sì tún ni mí. Wọn kì í gbé máíkì fún irú wa.

Mo ní èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi mọ́tò wa lọ sí Gánà ní họlidé àárín táàmù, àti pé mo ti gba ààyè ọjọ́ mélòó kan kún un. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ibi tí a ó ti dúró wòran: Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ibodè, nítorí ààfin àtijọ́, Kùtọnu, nítorí àwọn tó kọ́lé sórí omi, Wida, Gran-Popo, nítorí etíkun rẹ̀, Lómè, kí a tó wọ Àkírà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín tó rinlẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe àmín sí.

Ìyàwó mi, Ìyá Dúnsìn, kò bìkítà fún ààfin kankan. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkàrẹ́ wá sí Èkó, kò tíì tẹ ẹsẹ̀ bọ omi òkun rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ń gbé Ìgàndó ló mọ̀ pé kí èèyàn dé etíkun Èkó kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ ńlá ni. Kí n tó fẹ́ ẹ ni mo ti ṣèlérí òkun fún un. Ọmọ dé, owó ilé-ìwé dé, ìlérí ṣì wà nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ ra akẹtẹ̀ ńlá kan ní ọjà Ìkọ̀tún, ó dé e níwájú dígí, ó ní, "Bàbá Dúnsìn, tí mo bá ti rí òkun ní Gran-Popo, ẹ lè máa wo ààfin yín títí." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé kò ṣeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wa. Màmá onílé ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú àpò dúdú kan. "Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ máa gba Àjàṣẹ́. Ẹ bá mi já eléyìí sílẹ̀ fún Àlàbá, ọmọ mi tó lọ́kọ síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Irú wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, àgbo ọmọ náà wà níbẹ̀." Ta ló fẹ́ sọ fún onílé pé àyè ò sí? Bàbá Ráṣídì, télọ̀ tó ń gbé lókè wa, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ìròyìn ti gun àtẹ̀gùn lọ bá wọn. Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n rán fún àbúrò wọn ní Kùtọnu wá, nínú àpò dúdú bíi ti Màmá onílé gẹ́lẹ́. Déákónì wa ló wá ṣe èyí tó ga jù. Tòlótòló ni wọ́n gbé wá, láàyè, nínú apẹ̀rẹ̀, fún àna wọn ní Àjàṣẹ́ kan náà. Wọ́n ní kò ní yọ wá lẹ́nu, pé jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe.

"Ṣé ẹ ò lè sọ pé rárá ni?" Ìyá Dúnsìn bi mí.

"Aládùúgbò ni wọ́n jàre. Bó bá jẹ́ àwa náà ni ńkọ́?"

Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí. Ó gbé akẹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòlótòló, nítorí kò síbòmíràn mọ́.

A já àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Dópẹ̀mú, a sì dorí kọ ọ̀nà Àgbádárìgì. A ò tíì kọjá Ìyànà Ìbà tí a fi gbọ́ ohun tó ń ya lẹ́yìn. Tòlótòló ti na ọrùn jáde, ó ti jẹ apá kan etí akẹtẹ̀ tán, ó sì ń wo apá kejì. Ìyá Dúnsìn gbé akẹtẹ̀ náà lé ẹsẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin Ìkàrẹ́ tí inú bí tí kò sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ní ibodè, ọ̀gá kan ní kí n ṣí bùùtù. "Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Ẹrù ni, ọ̀gá."

"Mo rí i pé ẹrù ni. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé n ò mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Èrò ń kọjá lọ, wọ́n ń wo tíṣà jọ́gíráfì tó ń to ìgò àgbo, ẹja gbígbẹ àti ṣòkòtò oníṣòkòtò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe tú irú, ọ̀gá náà di imú. "Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o kúrò níbí." Mo kó gbogbo ẹrù padà wéréwéré. Àpò dúdú ni mo rí, inú àpò dúdú ni mo kó o sí.

Ní Àjàṣẹ́, Àlàbá gba àpò rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó gbé e wọlé láìtú u lójú wa, nítorí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í tú ẹ̀bùn lójú àlejò. Ọkọ rẹ̀ ní a ò lè kọjá láìjẹun, nígbà tí a sì jẹun tán, ó ní a ò lè lọ láìsùn. Àwọn àna Déákónì gba tòlótòló, wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ bá wọn jẹ ẹ́. Ìyá Dúnsìn jẹ ẹ́ jù mí lọ. Ó ní akẹtẹ̀ òun ni òun ń jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, a dé Kùtọnu. Àbúrò Bàbá Ráṣídì tú àpò tirẹ̀, ó fa ìgò àgbo jáde. Ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún yín pé mi ò tíì níyàwó?" Aṣọ yẹn gan-an ló fẹ́ wọ̀ lọ́la láti lọ tọrọ ìyàwó. Mo pe Àlàbá lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ti wọ̀ ọ́ jáde o. Ó rò pé Màmá ló rán an fún òun. Ó ti pè wọ́n, ó ti dúpẹ́."

A padà sí Àjàṣẹ́. Ẹ bá mi rò ó wò: báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọkùnrin tó ti dúpẹ́ títí lọ́wọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bọ́ ṣòkòtò? Mo kí i, mo kí ilé, mo kí ọmọ, mo tún kí ilé lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Dúnsìn ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín gan-an, ó bọ́ ọ. Ó wá ní a ò lè kọjá láìjẹun.

Kí aṣọ tó dé Kùtọnu, kí a tó bá wọn yọ̀ pé wọ́n gba ọkọ ìyàwó, ọjọ́ tí mo tọrọ ti tán. Wida ò gbúròó wa. Lómè ò rí wa. Ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá kì í dá abọ́ padà lófìfo: gààrì, adìyẹ méjì àti ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan ni wọ́n kó sínú mọ́tò fún wa láti gbé fún àwọn ará Ìgàndó.

À ń bọ̀ lọ́nà ibodè. Ìyá Dúnsìn ní kí n dúró, kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ó wa mọ́tò yà sọ́wọ́ ọ̀tún, sí ojú ọ̀nà oníyanrìn kan, a ò sì rìn jìnnà tí òkun fi yọ níwájú wa. Ó bọ́ bàtà, ó dé akẹtẹ̀ tí tòlótòló ti jẹ létí, ó rìn títí omi fi dé orúnkún rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Ṣé bó ṣe tóbi tó nìyí?"

Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù lọ sókè sódò lójú ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ náà ni òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, n ò sì yà. Mo wọ inú omi lọ bá a. Ìgbì kan gbé bàtà mi kan lọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi. Bàtà kan ni mo wọ̀ dé Ìgàndó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó kọ́kọ́ di ẹnu rẹ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀. Lọ́dún yìí, a tún fẹ́ lọ, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú yàrá la ti gbàdúrà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, Màmá onílé yọrí lójú fèrèsé.

"Tíṣà, mo rí i pé ẹ ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ibo lẹ dorí kọ?"

Ìyá Dúnsìn jáde pẹ̀lú akẹtẹ̀ rẹ̀. "Òkun ni, Màmá. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni?"

Màmá ronú díẹ̀. "Ẹ dúró ná," wọ́n ní, wọ́n sì wọlé lọ.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ ṣí bùùtù.