Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ìkọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Ẹ rò pé ọgbọ́n ló bí òwe náà. Kì í ṣe ọgbọ́n rárá, ìbẹ̀rù àna ni.

Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ kò lè rí irin kó fi sílẹ̀. Ọkọ́ tó ti jẹ tán, àgékù irin mọ́tò, àgbá tó ti dípẹtà, gbogbo rẹ̀ ló ń rọ di ìkọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ aṣọ sára ògiri, á sì ṣe orí ẹyẹ sí i. Ọ̀kan kò ní í tíì tán tí ojú rẹ̀ á ti máa wá òmíràn kiri. Òfin tirẹ̀ ni pé irin tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní agbẹ̀dẹ, ti agbẹ̀dẹ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àdùfẹ́, ìyá ìyàwó rẹ̀, yà kí i. Ìyá fẹ́ jẹ oyè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú obì jáde fún un, ó lọ. Ògúnrìndé rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílẹ̀ níbi tí Ìyá dúró sí. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi sọ ọ́ síná, tó sì lù ú pọ̀ mọ́ ọrùn ìkọ́.

Kò pẹ́ tí Ìyá fi padà dé.

"Ọkọ Àdùfẹ́, o ò rí kọ́kọ́rọ́ mi? Ti àpótí tí bàbá ìyàwó rẹ fi sílẹ̀. Aṣọ oyè mi wà níbẹ̀. Àpótí olóògbé sì ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òòlù kàn án."

Ògúnrìndé wo ọrùn ìkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Mo ń wá a."

Ó ti ìkọ́ bọ iná padà, ó gbé e lé orí owú tí wọ́n ń lu irin lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọrùn rẹ̀. Orí ẹyẹ fò lọ. Ìkọ́ di ṣíbí, ṣíbí di ohun tí kò lórúkọ.

"Ṣé o ń wá a?"

"Mo ń wá a, Ìyá."

Oòrùn ń gun òkè, òógùn ń ro sínú iná. Aládùúgbò kan tó ń kọjá, Láṣebìkan, dúró wò ó títí.

"Ògúnrìndé, ojú kan ṣoṣo lò ń lù láti àárọ̀. Ṣé irin náà ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀," ló fi dá a lóhùn.

Láṣebìkan mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Rọra o. Eyín mẹ́ta ló ní, ti àárín ló kúrú."

Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀ tòun ti òòlù lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ ti mọ̀?"

"Orí owú ni wọ́n ti ń wá ohun tó sọnù? Dìde, wọn ò ní í pẹ́ pè mí."

Ó fà á yọ lóòótọ́. Àpótí ṣí, Ìyá wọ aṣọ rẹ̀, ó sì jẹ oyè. Láṣebìkan ló gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri ìlú gẹ́gẹ́ bí òwe.

Nítorí náà, alágbẹ̀dẹ tí ẹ bá rí tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá àna rẹ̀ jókòó tì í.