Igba Ará Abúlé Baálẹ̀ Junaid

Bí ẹ bá ń lọ sí Abúlé Etídò, nísàlẹ̀ Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Owódé Onírin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra ìdọ̀bálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ Junaid kì í gba ìkíni lórí ìdúró. Bàbá kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni: Ọba-lórí-ọ̀pọ̀lọ́, Aláṣẹ-èkejì-ẹ̀kún-omi!

Ọdọọdún ni odò ń wọlé síbẹ̀. Bí omi bá ti mu àwọn èèyàn dé orúnkún, tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lérí, Baálẹ̀ á gun orí tábìlì, á ní kí wọ́n kí òun dáadáa.

"Baálẹ̀, omi wà nílẹ̀ o!"

"Ìdọ̀bálẹ̀ tí omi ò bá dé etí, ìyẹn kì í ṣe ìkíni."

Omi lé ìdajì abúlé lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ lé ìdajì yòókù. Ó wá ku Baálẹ̀, Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀, àti òbúkọ kan tí kì í kí ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yìí gan-an ni bàbá ní oyè baálẹ̀ ti kéré fún òun, adé lòun ń fẹ́. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dágbó ṣe. Baálẹ̀ ní òun á dá a ṣe, kí wọ́n ṣáà ti bá òun dé igi náà ládé.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ adé ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Bí àwọn ò bá rí igba èèyàn, àwọn á pa oyè baálẹ̀ pàápàá rẹ́.

"Ibo lẹ ti fẹ́ rí igba èèyàn, Bàbá Kabirat?" Rùkáyátù bi í. "Kabirat tí ẹ bí lọ́mọ gan-an ti kó lọ Ìkòsì."

"Ọjà Mile 12 ò jìnnà."

Ọjọ́ pé. Baálẹ̀ ti kó igba alábàárù wá láti ìdí tòmátì, ó ṣèlérí ìrẹsì àti ẹran fún wọn. Táyé, olórí wọn, kìlọ̀ fún un:

"Ọ̀gá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí tírélà ló ń rí ẹrù rù o. Bí tòmátì bá dé, a ò ní dúró."

"Dákẹ́ jàre. Lónìí, èmi ni tòmátì yín."

Aunty Adédiwúrà, alága ìgbìmọ̀, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Igba èèyàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Baálẹ̀ ń wú bíi búrẹ́dì tó já sómi.

"Bàbá, èèyàn yín mà pọ̀ o."

"Kò sẹ́ni tó ń kúrò ní Etídò, Aunty. Ìfẹ́ mi ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí fóònù Táyé fi dún. Táyé gbọ́ ọ, ó fò dìde.

"Tírélà mẹ́ta! Tòmátì ti dé o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, odò ò kó Etídò lọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Igba ará abúlé yọ òṣùká lápò, wọ́n dorí kọ Mile 12. Wọ́n tẹ ìrùkẹ̀rẹ̀ bàbá mọ́lẹ̀ kọjá.

"Ẹ padà! Ìrẹsì ti jinná!"

"Ìrẹsì á dúró, Ọ̀gá!" Táyé dáhùn lókèèrè. "Tòmátì ò ní dúró!"

Aunty Adédiwúrà ka èyí tó kù. "Bàbá, ẹ̀yin méjì ni mo rí. Àbí kí n ka òbúkọ mọ́ ọn?"

"Ẹ yọ èmi kúrò, Aunty," ni Rùkáyátù wí. "Mo ti di ẹrù mi. Kabirat ń retí mi."

"Ó ku ẹyọ kan nìyẹn. Bàbá, ẹ ò lè jẹ baálẹ̀ lé ara yín lórí." Ó fa ìlà pupa lé orúkọ Etídò.

Bàbá tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni sáré bọ́ síwájú mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Aunty, ẹ ṣàánú mi!"

Rùkáyátù gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó dúró, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ tún kí wọn, Bàbá Kabirat. Omi ò tíì dé etí."