Wàsíù Gun Òkè Ìwòran

Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dé rí, ẹ wá Wàsíù oníkẹ̀kẹ́ wá sí Ìkòtún. Kò sí ìlú tí ẹ máa dárúkọ tí kò ní sọ pé, "Ibẹ̀ yẹn? Iwájú ilé wa ni!"

Hamdalah, àbúrò mi, ló fẹ́ fẹ́. Màámi ò tíì gbà. Wọ́n ní ẹnu Wàsíù ti pọ̀ jù, àwọn ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin wà lẹ́yìn ẹnu náà. Ni Wàsíù bá ní òun máa gbé gbogbo wa lọ gbafẹ́ nígbà Iléyá, ní Òkè Ìwòran, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà ló ń gbé àlejò gòkè.

Àyà mi ti ń já kí a tó kúrò nílé. Zikrullah, ọmọ mi tí ò tíì lè rìn, wà lẹ́yìn mi, mo sì ti ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ tán.

"Ìyá Zikrullah, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre," Wàsíù wí. "Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lójú títì Ìjẹ̀gùn, wáyà wo ló máa dẹ́rù bà á? Mo ti wọ ọkọ̀ yìí títí ó fi sú mi!"

A débẹ̀. Àpótí onígíláàsì ni ọkọ̀ náà, ó rọ̀ dirodiro. A wọlé, ilẹ̀kùn pa ara ẹ̀ dé. Wàsíù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Dírẹ́bà dà?"

"Kì í ní dírẹ́bà," Hamdalah fèsì. "Ṣebí ó ti sú ẹ ni?"

"Ìyẹn... ìyẹn, tìgbà yẹn ní dírẹ́bà!"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ilẹ̀ ti kúrò lábẹ́ wa. Igi ọ̀pẹ di ewé ẹ̀fọ́, ilé di páálí ìṣáná. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́, àmọ́ nígbà tí mo wo Wàsíù báyìí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọkùnrin wa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dijú, ó di ẹsẹ̀ Màámi mú gírígírí.

"Ó wà o!" ni mo gbọ́. "Ó wà o! Ẹ jọ̀ọ́, mo ń sọ̀ níbí!"

"Sọ̀ síbo?" Màámi bi í. "Sórí igi?"

"Ibikíbi, Mọ́mì! Kó ṣáà rọra sílóò, màá bẹ́!"

Ni atẹ́gùn bá mi àpótí náà díẹ̀. Háà! Igbe tí Wàsíù ké, àwọn àlejò tó wà nínú àpótí tó ń sọ̀kalẹ̀ yọ fóònù, wọ́n ń ya á ní fídíò. Zikrullah yọrí lẹ́yìn mi, ó ń pàtẹ́wọ́.

A dókè. Wàsíù ò wo òdòdó, kò wo ìsun omi. Ọ̀nà míì tí èèyàn lè gbà sọ̀kalẹ̀ ló ń béèrè kiri. Wọ́n ní ẹṣin kékeré kan wà tí wọ́n fi máa ń gbé ọmọdé gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ó gùn ún! Ọkùnrin onírùngbọ̀n, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì dì mọ́ ọrùn ẹṣin pinpin. Àwa gba orí wáyà padà. A jẹun, a kírun, Zikrullah sùn, ó jí, Wàsíù ò tíì dé.

Nígbà tó dé, ó gbọn ṣòkòtò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mọ́mì, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ Hamdalah ńkọ́?"

Hamdalah náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Màámi wo Wàsíù títí.

"Mo gbà," ni wọ́n wí. "Bí ẹ̀rù ṣe ń bà ẹ́ tó, o ṣì bá wa gòkè nítorí ọmọ mi. Àmọ́ ilé ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ rẹ́ǹtì o. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa pọn ọkọ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láràárọ̀."