Ẹni Tó Jẹ Gbọ́ràn Orí Kọ̀mpútà Peng

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Lánàá tí mo wí yìí, ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi, gbogbo ohun tó fi sílé, àná ló ń jẹ́. Ààfin náà kò ju yàrá kan lọ nísàlẹ̀ ilé Fanjiang, baálẹ̀ àdúgbò wa ní ìlú Hsinchu: tábìlì tíì kan, àga oníke díẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tó ń bu tíì, Bàbá Luo tó ń sùn, àti èmi.

Ìlú wa ni wọ́n ti ń ṣe ọpọlọ kọ̀mpútà fún gbogbo ayé, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní ọ̀gá onímọ̀. Páálí ni mò ń lẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ da tíì ẹnikẹ́ni nù.

Peng ló pẹjọ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti kọ̀mpútà orí tábìlì rẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ àtijọ́ tó tóbi bí àpótí ìrẹsì.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí! Gu ti pa kọ̀mpútà mi!"

Gu, aládùúgbò rẹ̀, jókòó sápá kejì, ó gbá kọ̀mpútà alágbèéká tirẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ.

"Kí ló fi pa á?" ni Fanjiang bèèrè.

"Ẹnu! Ó jẹ Gbọ́ràn orí rẹ̀!"

Ilé pariwo. Bàbá Luo pàápàá jí. Gbọ́ràn ni ìpápánu àgbàdo tí a máa ń gbé lé orí ẹ̀rọ kó má baà ṣorí kunkun. Ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, a kò gbọdọ̀ já a, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó yáa lọ jẹ ẹran orí pẹpẹ.

"Bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀," ni baálẹ̀ wí.

"Ìyàwó mi ló ní kọ̀mpútà mi ti gbó, pé ó gba àyè ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ní kò gbó. Ni Gu bá dá sí i…"

"Òótọ́ ni mo sọ! Mo ní tèmi yára ju tìẹ lọ."

"Orúkọ kan náà ló wà lára ọpọlọ méjèèjì, nọ́ńbà kan náà! Ṣùgbọ́n tèmi ń jẹ iná yó, ó ní fáànù bíi ti ilé oúnjẹ. Tìẹ ń jẹ bátìrì, tó bá ti gbóná díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀."

"Tìẹ ń jẹun bí àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ ọwọ́!"

Baálẹ̀ yíjú sí mi. "Ọ̀gá onímọ̀, èwo ló yára?"

Mo wúkọ́. "Ìbejì ni wọ́n, baálẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ilé ńlá, ọ̀kan ń gbé yàrá tí kò ní fèrèsé. Orúkọ wọn dọ́gba, ooru wọn ò dọ́gba."

"Mo ní èwo ló yára?"

"Ó… ó kù sọ́wọ́ páálí tí wọ́n kó wọn sí."

Ìyàwó baálẹ̀ bu tíì fún mi kí n lè dákẹ́.

Xiuluan, ìyàwó Peng, dìde. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ méjèèjì sáré ìje. Fídíò ìgbéyàwó ọmọ wa ni kí ẹ̀rọ méjèèjì gbé sórí díìsìkì. Èyí tó bá kọ́kọ́ parí ló borí. Bí tọkọ mi bá kẹ́yìn, inú ọkọ̀ ìkólẹ̀ ni. Mo ti sọ ọ́. Eré ò tíì dé ìdajì tí tirẹ̀ fi kú."

Ohùn Peng rẹlẹ̀. "Baálẹ̀, ìdí ẹ̀rọ yìí ni ọmọ náà jókòó sí tó fi kàwé tó gbé e lọ òkè òkun. Àwòrán ológbò tó lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbí, ẹ wò ó. Bó bá lọ, kí ni n óò máa wò?"

Gu wo ilẹ̀.

"Gu, o jẹ ẹ́, àbí o ò jẹ ẹ́?"

"Baálẹ̀, mo gbà á là ni. Fáànù ń mì í tìtì, ó fẹ́ já bọ́, mo bá fẹnu gbà á."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó di kọ̀mpútà tèmi mú."

"Irọ́ ńlá!" ni Peng ké. "Orí àpò dọ́mpílìn ẹlẹ́ran tó dì bí òkúta ló gbé kọ̀mpútà rẹ̀ lé, kó má baà gbóná!"

"Dọ́mpílìn ta ni?" ni Xiuluan bèèrè.

Gu họrí. "Tiyín ni. Fìríìjì yín ló súnmọ́ mi jù."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, Ìyá Zhong tó ń ta ọbẹ̀ ẹran róbótó ní ọ̀kánkán ilé Peng.

"Mo rí i kedere. Ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè ni. Ìyẹn ló pa ẹ̀rọ, kì í ṣe Gu."

"Àwọ̀ ewé ni!" ni Xiuluan wí. "Èmi ni mo rà á."

"Ìyeyè ni! Ojú mi kọ́ ni?"

"Níbo lo wà?" ni baálẹ̀ bèèrè.

"Ìdí ìkòkò mi, ní òdìkejì títì. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́."

"O gbọ́ òórùn àwọ̀?"

"Baálẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dáná."

Òógùn bo Gu. Ó fa áńkáṣíìfù yọ láti nu ojú, ọ̀rá òfìfo kan sì já bọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ ewé ni.

"Ó tó," ni baálẹ̀ wí. "Ọ̀gá onímọ̀, wo ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ó ti kú lóòótọ́?"

Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Mo fi etí lé e bíi dókítà. "Ó ti kú, baálẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ló lọ."

"Ẹ ò tíì so ó mọ́ iná," ni Bàbá Luo wí láìlajú.

A so ó mọ́ iná. Fáànù bú ramúramù, ẹ̀rọ jí.

Peng fò sókè. "Ẹ rí i? Nílé, tí a so ó mọ́ iná, kò jí! Gu súnmọ́ ọn báyìí, ó jí! Gbọ́ràn wà níkùn Gu!"

Ẹ má rò pé a rẹ́rìn-ín. Àwa tí gbogbo ayé ń ra ọpọlọ lọ́wọ́ wa, a mi orí, a ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Èmi ni mo mi orí jù.

Fanjiang mu tíì rẹ̀ tán kó tó dájọ́.

"Ẹni tó jẹ Gbọ́ràn ti di Gbọ́ràn. Láti òní lọ, nígbàkígbà tí Peng bá tan ẹ̀rọ yìí, Gu yóò wọ aṣọ àwọ̀ ewé, yóò jókòó tì í. Kò gbọdọ̀ la ẹnu, nítorí Gbọ́ràn tó bá ti ṣí ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ Xiuluan, ta ló ń da ẹ̀rọ nù nígbà tí Gbọ́ràn rẹ̀ ṣì ń mí?"

Gu wólẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi! Èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ kì í ṣiṣẹ́. Ẹ wo orí mi, funfun báláú!"

Xiuluan ló dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ yẹn ti kọjá ọjọ́. Ọkọ mi ti kọjá ọjọ́. Ìwọ náà máa bọ̀, kí ẹ jọ máa kọjá lọ."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni orin tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ fi ń pe ará àdúgbò dún lójú títì. Peng fi apá méjèèjì bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó wo àwòrán ológbò náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá òfìfo náà nílẹ̀, ìyẹn nìkan ló sì gbé jáde.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Gu, àwọ̀ ewé o! Bí o bá fi ìyeyè wọlé mi, ìwọ ni n óò gbé fún ọkọ̀."